Ọjọ́ Orí Ọ̀tọ̀, Ìdàgbà Ara Ọ̀tọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìdàgbàsókè Ara àti Ìṣe Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù

Ìfáárà

Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni kò ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Ọgbọ́n tí àwọn olùkọ́ ń lò kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá: wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó etí ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, kí ó padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Ọgbọ́n yìí kò burú fún àkókò rẹ̀, nítorí pé orí ọmọdé ni ó máa ń tètè dàgbà, apá a sì máa lé e bá nígbà tí ó bá yá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó ń wọ̀n, bí apá ṣe gùn tó ni. Àbúrò tí apá rẹ̀ gùn lè wọlé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó kúrú sì jókòó sílé.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń ṣa àwọn ọmọ ọdún 13 tàbí 14 sínú ikọ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá ni ọmọ tí ó ga, tí eré rẹ̀ yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọn kò lè fi èjìká taari dànù. Ó gbà pé ẹ̀bùn ni òun rí. Nígbà mìíràn, ẹ̀bùn ni lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ náà kàn tètè bàlágà ju àwọn yòókù lọ ni, ohun tí ó sì fi ń borí wọn lónìí, gbogbo wọn ni yóò ní in ní ọdún mẹ́ta sí i. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọjọ́ orí àti ìdàgbà ara láàrin àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wà ní ọdún 11 sí 17, ohun tí ìyàtọ̀ náà ń ṣe sí bọ́ọ̀lù gbígbá wọn, àti ewu tí ó wà nínú kí á máa fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì.

Bí ara ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún títí ìbàlágà yóò fi dé, ọmọ a máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga sí i lọ́dún. Ó ń rọra lọ, òbí kì í sì í sábà fura àfi bí aṣọ bá kúrú. Nígbà tí họ́mọ̀nù ìbàlágà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, ọmọkùnrin lè fi sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10 ga sí i. Àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, tí J. M. Tanner ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, fún àkókò tí gíga ń yára jù lọ yìí ní àkíyèsí tí ó jinlẹ̀, nítorí pé òun ni òpó tí ọ̀pọ̀ ìyípadà mìíràn rọ̀ mọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ṣóńṣó ìdàgbà ni orúkọ tí a ó máa lò fún un.

Fún ọmọkùnrin, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí ṣóńṣó ìdàgbà ń bọ́ sí jẹ́ nǹkan bí ọdún 14. Fún ọmọbìnrin, nǹkan bí ọdún 12. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba a máa tan ènìyàn jẹ. Ọmọkùnrin kan lè dé ibẹ̀ ní ọmọ ọdún 12, kí ẹlòmíràn tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà má dé ibẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 16, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá láìní àìsàn kankan. Nínú kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà, ọmọ tí egungun rẹ̀ dà bí ti ẹni ọdún 16 lè jókòó ti ọmọ tí egungun tirẹ̀ dà bí ti ẹni ọdún 12, kí ìwé ìbí àwọn méjèèjì sì sọ òtítọ́ pé ọmọ ọdún 14 ni wọ́n.

Ìdàgbà náà kì í gba gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ni ó ń ṣáájú, ojúgun àti itan a tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn àti àyà a wá gbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí bàtà ọmọ fi máa ń fún un kí ṣòkòtò rẹ̀ tó kúrú. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáradára ní ọdún tí ó kọjá fi lè máa kọsẹ̀ lọ́dún yìí, kí bọ́ọ̀lù máa sá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: ẹsẹ̀ tí ó fi kọ́ bọ́ọ̀lù kọ́ ni ó ń lò mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò mọ èyí yóò ní ọmọ náà ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́, tàbí pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú bọ́ọ̀lù mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ara rẹ̀ ni ó ń bá jà.

Ìwọ̀n ara àti agbára iṣan kì í bá gíga dé lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ṣóńṣó ìdàgbà, ó máa ń gba oṣù díẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan fún ẹlòmíràn, kí agbára iṣan tó fò sókè. Ní àkókò yìí ọmọ ti ga bí àgbà, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi gbé gíga náà kò tíì dé. Kì í sì í ṣe dandan kí ẹni tí ó tètè dàgbà ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí ìbàlágà rẹ̀ pẹ́ ní àkókò púpọ̀ sí i láti fi ga kí egungun rẹ̀ tó dì. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa ń lé ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ bá, ó sì lè kọjá rẹ̀ pàápàá.

Ohun tí ìdàgbà ń ṣe lórí pápá

Robert Malina ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Pọ́túgà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 13 sí 15, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004 àti 2005. Wọ́n rí i pé ìpele ìbàlágà, gíga àti ìwọ̀n ara ní ipa tí ó hàn kedere lórí eré sísá, lórí fífò sókè, àti lórí bí ọmọ ṣe lè sáré pẹ́ tó kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dán iṣẹ́ bọ́ọ̀lù gan-an wò, bí i gbígbé bọ́ọ̀lù jó, dídarí rẹ̀ pẹ̀lú ara, gbígbá a sí ẹlẹgbẹ́ ẹni àti gbígbá a sójú ilé, ipa tí ìbàlágà ní kéré púpọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ ni pé eré àti agbára tí ó ń rí lára ọmọ ọdún 14 jẹ́ àpapọ̀ ẹ̀bùn àti àsìkò, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń fi bọ́ọ̀lù dá súnmọ́ ẹ̀bùn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ju àsìkò lọ.

Ìṣòro náà kò mọ sórí àṣìṣe ọjọ́ kan. Ọmọ tí wọ́n bá ṣà a gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó mọṣẹ́ jù, ó gba ìdíje púpọ̀ sí i, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èyí tí wọn kò ṣà padà sí pápá àdúgbò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ti àsìkò tẹ́lẹ̀ ti di ìyàtọ̀ gidi, ẹni tí ó ṣà wọ́n a sì máa rò pé òun kò ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí fara hàn nínú oṣù tí wọ́n bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ sí ọ̀wọ́ ọjọ́ orí títí di 1997, nígbà tí wọ́n yí i sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Kí ìyípadà náà tó wáyé, àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ikọ̀ ọ̀dọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹta ni wọ́n gba ipò wọn. Oṣù kẹjọ kò yí padà, ẹ̀bùn àwọn tí wọ́n bí nínú rẹ̀ kò sì yí padà. Ìlà tí wọ́n fà ni ó yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ni ìlà náà wà. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án 2001, wà lára àwọn tí ó dàgbà jù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Arsenal ní ọmọ ọdún méje. Harry Kane, tí wọ́n bí ní ìparí oṣù keje 1993, wà lára àwọn tí ó kéré jù nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Arsenal kan náà ni ó dá a sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, òun sì ni ó wá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú ìtàn ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ènìyàn méjì kò tó fi ṣe òfin, a kò sì gbọdọ̀ sọ oṣù ìbí di kádàrá. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1998 ni ọjọ́ ìbí Victor Osimhen, ọmọ tí ó dàgbà ní Èkó. Ní ìdíje ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ tí wọ́n ṣe ní Chile ní 2015, àwọn tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1998 ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa, èyí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan kéré sí àwọn tí ó dàgbà jù níbẹ̀. Góòlù mẹ́wàá ni ó gbá wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ti gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kan ṣoṣo ní ìpele náà. Luka Modrić ńkọ́? Wọ́n ní ara rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ ní Kroéṣíà, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ Ballon d'Or ti 2018. Ọ̀ràn Lionel Messi yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí: họ́mọ̀nù ìdàgbà ni kò tó lára rẹ̀, oògùn ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Àìsàn nìyẹn, pípẹ́ kí ènìyàn tó bàlágà kì í ṣe àìsàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń káàánú ọmọ tí kò tètè dàgbà. Ẹni tí ó tètè dàgbà náà ní àdánù tirẹ̀, tí kì í hàn sójú. Ọmọ tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù síwájú kí ó sì sáré kọjá gbogbo ènìyàn kò ní ìdí láti gbójú sókè wo ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Kò nílò láti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, tàbí bí a ṣe ń yí ara padà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bá a dé ní ọdún 17 tàbí 18, aṣọ di ọgbọọgba, àwọn tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n gbá a tipẹ́ nítorí pé wọn kò ní agbára a sì wá fi àkísà lé e.

Ọ̀ràn ọjọ́ orí ní Nàìjíríà

Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé ọ̀wọ́ yìí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún: ní 1985 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ti àwọn tí kò ju ọdún 16 lọ, ní 1993, 2007, 2013 àti 2015. Ògo ńlá ni. Àbùkù sì wà lára rẹ̀. Ní 1989, àjọ FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta fi sílẹ̀ fún ìdíje Òlíńpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti lò nínú ìdíje ìṣáájú. Wọ́n fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì, ẹ̀tọ́ láti gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ Pọ́túgà ni ó gbà á lálejò.

Ìdí tí yíyí ọjọ́ orí padà fi ń mú èrè wá kò ṣòroó rí lẹ́yìn àlàyé òkè yìí. Ọdún méjì kò jẹ́ nǹkan kan láàrin ẹni ọdún 25 àti ẹni ọdún 27. Láàrin ẹni ọdún 15 àti ẹni ọdún 17, ó lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọdé àti ọkùnrin. Ìrọ̀rùn náà sì ń bẹ. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti wà láti 1992, síbẹ̀ ìwádìí MICS ti 2021 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 57 nínú 100 tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ìbí wọn wà nínú ìwé. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí a gba ilé-ẹjọ́ lọ láti búra sí ọjọ́ orí, ìbúra náà kò sì ní ẹlẹ́rìí ju ẹnu òbí lọ.

Nígbà tí ìwé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé mọ́, FIFA yíjú sí ara. Ẹ̀rọ MRI, tí ó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara láìlo ìtànṣán bí i ti ẹ́síréè, ni wọ́n fi ń wo ọrùn-ọwọ́. Ní òpin egungun apá níbẹ̀, egungun rírọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ibi ìdàgbà. Bí ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà ni ó ń dì díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di ọ̀kan pẹ̀lú egungun tí ó kù. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín in sí, ìkẹfà sì ni ti ẹni tí tirẹ̀ ti dì tán pátápátá. Ìwádìí tí Jiri Dvorak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2007, lórí ọ̀dọ́kùnrin 496 láti Switzerland, Malaysia, Algeria àti Ajẹntínà, fi hàn pé àwọn tí ó ti dé ìpele kẹfà kí wọ́n tó kọjá ọdún 17 kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ìdíje 2009, èyí tí Nàìjíríà gbà lálejò, ni FIFA ti kọ́kọ́ lo àyẹ̀wò náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń da ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rú: ní oṣù kẹjọ 2016, ọ̀dọ́ 26 ni ó kùnà rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè sí ikọ̀ Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 21 nínú 30 ni ó kùnà ní Kamẹrúùnù.

Àyẹ̀wò yìí ti ṣe rere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ọwọ́ tí ń kan etí. MRI kò mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Bí egungun ṣe dì tó ni ó mọ̀. Ẹni ọdún 19 tí ìbàlágà rẹ̀ pẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìṣòro. Ọmọ ọdún 16 tí tirẹ̀ tètè dé lè kùnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ni ìwé rẹ̀ ń sọ. Irú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọn yóò fún un ní àdúgbò ni orúkọ òpùrọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan nínú mẹ́rin tí wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀. Àwọn kan ń fi èyí ṣe àwíjàre pé egungun ọmọ Áfíríkà a máa tètè dì. Àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé àìjẹunrekánú àti òṣì a máa dá ìdàgbà egungun dúró ju kí wọ́n mú un yára lọ. Ìwádìí ìlera gbogboogbò ti Nàìjíríà ní 2018 sì rí i pé ọmọ 37 nínú 100 tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bí ó ṣe yẹ. Bí òṣùwọ̀n náà bá ṣàṣìṣe lọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kí ó máa dáwọ́ bo àgbà mọ́lẹ̀ ju kí ó máa fi ìyà jẹ ọmọdé lọ.

Ìpalára

Egungun tí ń dàgbà ní ibi tí ó rọ̀, ibẹ̀ sì ni iṣan ti ń fà á. Ní 1903, Robert Osgood ní Amẹ́ríkà àti Carl Schlatter ní Switzerland, tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣàlàyé ìrora tí ó máa ń wà lábẹ́ orúnkún ọ̀dọ́, níbi tí iṣan itan ti so mọ́ ojúgun. Àìsàn Osgood-Schlatter ni wọ́n ń pè é títí di òní. Irú rẹ̀ tí ó máa ń mú gìgísẹ̀ a tètè dé jù ú lọ. Ohun tí ó ń fà á ni pé egungun ti gùn ṣáájú iṣan, iṣan wá le gbagidi bí okùn tí wọ́n fà jù, eré sísá àti fífò lórí ilẹ̀ líle sì ń já a lọ́wọ́ ojoojúmọ́. Nílé, wọ́n á ní ọmọ fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan, wọ́n á fi òróró gbígbóná wọ́ ọ tagbáratagbára, wọ́n á sì ní kí ó padà sí pápá lọ́la. Fífi agbára wọ́ ọ níbẹ̀ kò ran egungun lọ́wọ́. Dídín eré àti fífò kù fún ìgbà díẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú nína iṣan itan àti ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Bí ibi ìdàgbà náà bá sì ti dì, ìrora náà sábà máa ń lọ.

Ohun tí olùkọ́ eré ìdárayá lè ṣe

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Premier League ti ń dán ìlànà kan wò láti nǹkan bí 2015. Wọ́n ń ṣírò gíga tí ọmọ yóò ní bí ó bá dàgbà tán, nípa lílo gíga òbí rẹ̀ pẹ̀lú gíga àti ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti dé ìpín 85 sí 90 nínú 100 gíga náà ni wọ́n jọ ń figagbága, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 11 tàbí 14 ni wọ́n. Àwọn tí ó tètè dàgbà sọ pé ó nira fún àwọn ju bí ó ti mọ́ wọn lára lọ, àwọn tí ó pẹ́ sì rí àyè fi ọgbọ́n ẹsẹ̀ wọn hàn. Kì í ṣe pé ìlànà yìí gba ipò ọ̀wọ́ ọjọ́ orí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lò ó.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbọnrangandan, ìwé líle kan tí wọn yóò gbé lé orí ọmọ, àti ìwé àkọsílẹ̀ ti tó. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, nítorí pé ara a máa sún kì kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan tó. Bí ọmọ bá ń fi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ ga láàrin oṣù mẹ́ta, ìdàgbà ọmọdé ni ó ń bá lọ. Bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, ó ti ń gun ṣóńṣó. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ dín fífò àti eré àsápajúdé kù fún un, kí ó fi ìdúróṣánṣán lórí ẹsẹ̀ kan àti bọ́ọ̀lù títọ́ sẹ́sẹ̀ rọ́pò wọn, kí ó má sì lé e kúrò nínú ikọ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta kókó.

Ti àwọn ọmọbìnrin kò rí bákan náà, ó sì yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀: ṣóńṣó ìdàgbà wọn a máa ṣáájú ti ọkùnrin ní nǹkan bí ọdún méjì, ewu kí iṣan inú orúnkún já a sì máa pọ̀ sí i fún wọn lẹ́yìn ìbàlágà.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, kí ọjọ́ ìbí ọmọ wà ní ìlà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí i, bóyá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí, tàbí ẹnu òbí. Ọdún tí ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n kọ ọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó tíì mọ̀ bóyá yóò mọ bọ́ọ̀lù gbá.